Àtẹ̀gùn Kẹrin Lola Sidra

Lola Sidra (lola ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbẹ̀) ka àtẹ̀gùn ilé tuntun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí bí ẹni ń ka adìyẹ. Lẹ́yìn náà ó tutọ́ sílẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì forí lé inú àgọ́ tapólì tó ti ń gbé láti oṣù mẹ́jọ.

“Mi ò wọ ibẹ̀ yẹn,” ló wí.

Deling, obìnrin káfíńtà tó kọ́ ilé náà, wà lókè lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti bọ́jú, ó ti ya irun, ó múra bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Ó rò pé eré ni, torí ní gbogbo etíkun Samar, kò sí arúgbó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó fẹ́ràn eré tó Lola Sidra.

“Lola, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ẹ wá gba kọ́kọ́rọ́ yín.”

“Kà á,” ni ohùn dáhùn láti inú àgọ́.

“Kí n ka kí ni?”

“Àtẹ̀gùn. Àbí wọn ò kọ́ ọ ní òǹkà níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ ní hámà?”

Deling sọ̀ kalẹ̀, ó dojú kọ ilé, ó nàka. Wúrà. Fàdákà. Ikú. Ó tán síbẹ̀.

Kò sí ọmọ abúlé Hinulugan tó lè ní òun ò mọ ìyẹn. Kí ọmọ tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀ ló ti mọ̀ pé àtẹ̀gùn kìíní, wúrà ni, ìkejì, fàdákà, ìkẹta, ikú, tó bá di ìkẹrin, wúrà tún padà dé. Èyí tí òǹkà bá parí sí lẹ́nu ọ̀nà ló máa bá onílé gbé. Àtẹ̀gùn mẹ́rin sì ni Deling kàn mọ́ ilé yẹn. Òun ló wọ̀n ọ́n, òun ló gé e, òun ló fi ìṣó dè é. Ibo wá ni ìkẹrin gbà?

Ó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò. Ilẹ̀ le gbagidi. Kọnkéré. Ìgbà yẹn ló yé e.

Kí ìjì tó dé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni Deling ń dín tà ní ẹ̀bá èbúté. Ìjì tí wọ́n sọ ní Dorotea gbé ìsọ̀ rẹ̀, ó gbé èbúté fúnra rẹ̀, ó sì gbé agbada rẹ̀ lọ. Orí igi ní abúlé kẹta ni wọ́n ti rí agbada yẹn, epo ṣì wà nínú rẹ̀. (Obìnrin kan wà ní Hinulugan tó ti ń jẹ́ Dorotea láti ọjọ́ ìsàmì rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá Ẹlẹ́ja ni wọ́n ń pè é báyìí, kò sì tíì ta ẹja rí láyé rẹ̀.) Nígbà tí àwọn aṣèrànwọ́ dé, wọ́n ní àwọn á fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá lọ́wọ́ méjì ní iṣẹ́ káfíńtà, torí igi àgbọn tí ìjì wó sùn kálẹ̀ bí ẹni pé wọ́n mutí yó, kò sì sí ẹni tó máa sọ wọ́n di ilé. Deling wo ọwọ́ rẹ̀. Méjèèjì pé. Ó lọ.

Àwọn ọkùnrin abúlé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbàgbé pé àwọn náà ò nílé lórí. Manoy Tibo ló rín in jù. Manoy Tibo yìí, ẹ̀gbọ́n gbogbo abúlé, ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe káfíńtà. Ilé mẹ́tàdínlógún ló kọ́ sí Hinulugan, ìjì sì kó mẹ́tàdínlógún lọ, kò ṣojúsàájú.

“Deling,” á máa wí, “tó o bá kan ìṣó tán, ṣé wàá da ṣúgà lé e ni?”

“Manoy, tèmi tó ní ṣúgà, èèrà ló máa gbé e. Tiyín, òkun ló gbé e.”

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bára wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ogún ilé ni àwọn aṣèrànwọ́ fẹ́ kọ́ sí abúlé náà. Ti Lola Sidra ni àkọ́kọ́, òun sì ni ìdánwò. Deling ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá lórí òṣìṣẹ́ mẹ́fà. Bí ẹnjiníà wọn bá dé lọ́jọ́ Ẹtì, tó bá ilé náà pé, tó sì bá onílé nínú rẹ̀, Deling àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló máa kọ́ mọ́kàndínlógún tó kù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kọngílá kan ti wà ní sẹpẹ́ ní ìlú ńlá pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn ará Hinulugan á káwọ́ gbera máa wò wọ́n, Deling á sì padà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, láìní agbada.

Ọjọ́bọ̀ lòní.

Wàyí o, kọnkéré. Lọ́jọ́ Ajé, Deling wọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú lọ ra àgádágodo. Manoy Tibo ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ó rí ẹrẹ̀ yí ilé ká, ó rí àpò sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́ kù. Àánú Lola Sidra wá ṣe é, irú àánú tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, wọ́n po kọnkéré, wọ́n dà á yí ilé ká, wọ́n dà á sábẹ́ ilé dé ìdí òpó, wọ́n fi pákó dán an títí ó fi ń kọ mànà bí orí apárí. Deling dé lọ́jọ́rú, ó rí ilẹ̀ dídán. Ó tiẹ̀ dúpẹ́! Ó ní, “Manoy, ẹ mà ṣeun o, ó rẹwà.” Òun tó mọ iye ìṣó tó wà lára ilé yẹn, kò ka àtẹ̀gùn. Ìkẹrin ti sùn sínú kọnkéré láti ọjọ́ Ajé.

“Lola,” ó wí, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu àgọ́, “ìkẹrin ṣì wà níbẹ̀. Ó kàn wà nísàlẹ̀ ni.”

“Ọkọ mi náà ṣì wà níbẹ̀,” ni Lola Sidra dáhùn. “Ó kàn wà nísàlẹ̀ ni. Ṣé ẹ máa ń bu ìrẹsì tirẹ̀ sílẹ̀?”

Deling dìde kúrò lẹ́nu àgọ́.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo abúlé. Kapitan Ruperto, tó jẹ́ olórí abúlé, pe ìpàdé síwájú ilé náà, ìpàdé sì pín sí méjì. Àwọn kan ní ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ṣì wà nínú òǹkà. Àwọn kejì ní rárá, bó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo òkú abúlé yẹ kó máa dìbò. Ẹnì kan ní wọ́n ti ń dìbò tẹ́lẹ̀. Kapitan yára yí ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mìíràn.

“Ẹ jẹ́ ká fọ́ kọnkéré náà,” Manoy Tibo wí. Ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, etí rẹ̀ ti pọ́n bí edé sísè.

“Ẹ ò lè fọ́ ọ,” Deling wí. “Ẹ dà á mọ́ ìpìlẹ̀ tí òpó dúró lé. Ó ti dì mọ́ ọn bí ọmọ ọwọ́ mọ́ ìyá rẹ̀. Ẹ bá fi òòlù ńlá lù ú, ìpìlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sán.”

“Mo kàn fẹ́ ràn ín lọ́wọ́ ni o.”

“Manoy, mo mọ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí.”

Deling mú pákó kan, ó tẹ́ ẹ síwájú àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Mẹ́rin dé! Lola Sidra yọjú, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti pákó náà, pákó sún. Ó wo Deling bí ẹni tó wo ẹja tó ti kẹ̀.

“Ta lò ń fi pákó tàn jẹ? Ikú? Ikú tó mọ ilé oníkálukú láìbéèrè lọ́nà, ṣé pákó ló máa ṣi í lọ́nà?”

Ó padà wọlé. Àkùkọ rẹ̀ náà wo Deling tẹ̀gàn-tẹ̀gàn, ó tẹ̀ lé e.

Ìgbà tó di ọ̀sán ni Deling, tó ti jókòó sórí ayùn rẹ̀ láìmọ̀, ṣàdéédé dìde. Ojú rẹ̀ lọ sára fèrèsé. Ó sáré lọ gé ọparun, ó so àkàbà, ó ka igi àárín rẹ̀ bó ṣe ń so ó: wúrà, fàdákà, ikú, wúrà, fàdákà, ikú, wúrà. Méje. Ó gbé e ti fèrèsé.

“Lola! Ṣé ikú máa ń gba fèrèsé?”

Lola Sidra jáde, ó ka àkàbà náà látòkè délẹ̀, ó kà á látilẹ̀ dókè. Ó ronú. Ó ṣe àmì àgbélébùú.

“Fèrèsé ò sí nínú ẹjọ́ yìí,” ló wí. “Ẹ bá mi di àkùkọ mi mú.”

Báyìí ni ìyá àgbà ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ṣe gba ojú fèrèsé wọ ilé tuntun rẹ̀, obìnrin mẹ́ta ń ti ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀, gbogbo abúlé ń pàtẹ́wọ́, ó sì ń bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gòkè. Ó dé inú ilé, ó fọwọ́ ra ara ògiri, ó wo òrùlé. Deling ń wò ó láti ìsàlẹ̀.

“Páànù ò jò?” ìyá àgbà béèrè.

“Kò jò, Lola. Ìṣó mẹ́ta-mẹ́ta ni mo kàn síbi táwọn mìíràn ń kan ọ̀kan. Irin dè é mọ́ òpó, òpó dè mọ́ ilẹ̀.”

“Hmm,” ni Lola Sidra wí. Fún ẹni tó bá mọ Lola Sidra, ìyẹn tó orin ìyìn.

Deling rò pé ó bùṣe. Onílé ti wà nínú ilé. Ẹnjiníà ò sì ní béèrè ọ̀nà tó gbà wọlé.

Ẹnjiníà dé ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀dọ́kùnrin gíga kan ni, Anselmo lorúkọ rẹ̀, akoto funfun wà lórí rẹ̀, téèpù so mọ́ ìbàdí rẹ̀ bí ìbọn. Ó ní aago mẹ́rin ni ọkọ̀ òun máa ṣí, torí omi òkun máa fà, kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ó kí Kapitan, ó bọ Deling lọ́wọ́, ó kọrí sí àtẹ̀gùn.

Gbogbo abúlé ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ìkìíní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ìkejì. Nígbà tó lé ìkẹta, Ìyá Ẹlẹ́ja pariwo “Jésù!”, ẹnjiníà bẹ́ sókè, ó bọ́ sínú ilé pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Lola Sidra jókòó sórí àga rẹ̀ kan ṣoṣo, ó ń mu kọfí.

“Ẹ káàárọ̀, Lola.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Ibo lo gbà wọlé?”

“Ẹnu ọ̀nà ni, mà.”

“Ẹnu ọ̀nà!” Ìyá àgbà gbé kọfí sílẹ̀. “Ṣé ìyá rẹ ṣì wà láyé? Ṣó o láya? O ti bímọ? Áà, ọmọ ọlọ́mọ. Wò ó, tó o bá fẹ́ jáde, má padà gba ibẹ̀ o. Fèrèsé nìyẹn.”

Ẹnjiníà wo fèrèsé, ó rí orí àkàbà. Ó yíjú sí Deling.

“Ṣé ilẹ̀kùn ò ṣí dáadáa ni?”

“Ó ń ṣí, ẹ̀gbọ́n,” Deling wí. “Lola kàn fẹ́ràn atẹ́gùn ni.”

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fa òpó, òpó ò mì. Ó gun òkè àjà lọ wo irin tó de òrùlé, ó tún fi sípánà gbìyànjú láti tú u, kò tú. Ó ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ń mi orí, Deling náà ń gbógun ti ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Níkẹyìn ó fa téèpù láti abẹ́ pákó ilẹ̀ kan ilẹ̀ ìta. Ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. Ó yí fìrí lọ sí òdì kejì ilé, ó wọ̀n ọ́n níbẹ̀ náà.

“Ó kéré,” ló wí.

“Kí ló kéré?”

“Gíga ilé. Ìka mẹ́jọ ló fi dín. Omi ìjì tó kọjá ga tó báyìí láti ilẹ̀,” ó fọwọ́ hàn án lára òpó, “òfin sì ní láti ilẹ̀ ìta dé ilẹ̀ ilé gbọ́dọ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé yìí ga lórí ìwé, kò ga nílẹ̀. Ta ló da kọnkéré yìí?”

Manoy Tibo ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí lẹ́tà.

Láti inú ilé ni ariwo ti bẹ́.

“Mo wí i! Ṣé mo wí i àbí mi ò wí i? Àtẹ̀gùn kan ti sọnù! Téèpù fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n!” Lola Sidra ti kó orí síta lójú fèrèsé, ó ń na ọ̀pá. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mò ń ṣe bí ewúrẹ́, ẹ lọ bá téèpù jà!”

“Mi ò lè fọwọ́ sí i,” ẹnjiníà wí jẹ́ẹ́jẹ́. Ó hàn pé ó dùn ún. “Iṣẹ́ yín dáa, Deling. Ó dáa ju ọ̀pọ̀ tí mo ti rí lọ. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́jọ ni ìka mẹ́jọ.”

Deling dúró. Ó gbọ́ bí òkun ṣe ń lu etí ilẹ̀. Ó wo ilé náà, ilé tó kọ́kọ́ kọ́ láyé rẹ̀, tí páànù rẹ̀ ń dán, tí kò sí pákó kan tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó ka nǹkan nínú ara rẹ̀. Ó wo àwọn irin tó yọ láti inú ìpìlẹ̀, tó gbá ẹsẹ̀ òpó mú lókè kọnkéré. Ihò mẹ́rin-mẹ́rin ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, méjì ìsàlẹ̀ nìkan ló fi bótì sí.

“Aago mẹ́rin lẹ ní ọkọ̀ ń ṣí?”

“Aago mẹ́rin.”

“Bí ilẹ̀ bá gòkè,” Deling wí, “kí ló dé tí ilé ò lè gòkè?”

Wọ́n wò ó.

“Ẹ jẹ́ ká gbé e.”

Ẹ̀rín bú jáde. Kapitan Ruperto fọwọ́ lé e léjìká, bí èèyàn ṣe ń ṣe fún ẹni tí ibà ń yọ lẹ́nu.

“Deling, ọmọ mi. Láyé àwọn bàbá wa, a máa ń gbé ilé, mo mọ̀. Ilé ọparun, ilé imọ̀ ọ̀pẹ, ilé tí afẹ́fẹ́ náà lè gbé. Èyí ní páànù, ó ní irin, ó ní ògiri pákó.”

“Ó tún ní Lola,” ẹlẹ́mu abúlé wí lẹ́yìn.

“Mo gbọ́ ẹ o, Pastor Ẹlẹ́mu!” ni Lola Sidra ké. “Mi ò sì ní sọ̀ kalẹ̀. Mo ti gun méje lọ́sàn-án àná, mi ò yá orúnkún yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

Deling ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí ẹnjiníà.

“Tí mo bá tú bótì, tí wọ́n gbé e, tí mo fi igi líle sábẹ́ òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí mo padà dè é nínú ihò òkè, ṣé ẹ máa fọwọ́ sí i?”

Ẹnjiníà Anselmo yọ akoto, ó họ orí.

“Ilé tí wọ́n bá gbé, oríkèé rẹ̀ máa ń yẹ̀. Tí ẹyọ oríkèé kan bá là, mi ò ní fọwọ́ sí i. Tí kò bá sì là...” Ó dé akoto padà. “Èmi fúnra mi máa wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.”

Ó sì padà wọlé. Ojú fèrèsé ló gbà.

Igi líle dà? Igi àgbọn á rà lábẹ́ òpó. Wọ́n ń wojú ara wọn, Manoy Tibo ti lọ. Nígbà tó padà dé, òpó kan wà léjìká rẹ̀, dúdú, wúwo, igi tugas láti ilé bàbá rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ní, òun nìkan ni ìjì ò rí gbé. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú Deling.

“Wọ̀n ọ́n,” ló wí.

“Manoy, ti ilé bàbá yín nìyí.”

“Mo mọ bàbá mi. Wọ̀n ọ́n kí n gé e, kí omi tó fà.”

Ó gé e sí mẹ́fà, òógùn bò ó, ayùn ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Deling gé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn kúrò níbi tí kọnkéré ti gbé e mì. Wọ́n ti ọparun gígùn bọ abẹ́ ilé, mẹ́ta lóòró, mẹ́rin níbùú, wọ́n fi okùn so wọ́n. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló bọ́ sábẹ́ ọparun, ọkùnrin, obìnrin, Kapitan, Ìyá Ẹlẹ́ja, àlejò kan tó kàn wá ra ẹran. Manoy Tibo bọ́ sígun ibi ìdáná, ibi tó wúwo jù.

“Ta ló máa pàṣẹ?” Kapitan béèrè. Ohùn Kapitan ni wọ́n sábà máa ń gbọ́.

“Ẹni tó kọ́ ọ ni,” Manoy Tibo dáhùn. “Àbí ta ni?”

Deling tú bótì tó kẹ́yìn. Ó mí kanlẹ̀.

“Ẹ múra! Ọ̀kan! Méjì! Mẹ́ta!”

Ẹnikẹ́ni ò mira.

“Kí ló ṣe yín?”

“Mẹ́ta kẹ̀?” ohùn kan wá láti abẹ́ ọparun. “Ikú lo fẹ́ ká fi gbé ilé?”

“Ọmọ yìí ò tíì kẹ́kọ̀ọ́!” Lola Sidra ké látinú ilé.

Ẹ̀rín gbá Deling mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ó nu ojú rẹ̀. Ó gbé ohùn sókè títí tí àwọn apẹja tó wà lójú òkun fi yíjú.

“Wúrà! Fàdákà! Ikú! WÚRÀ!”

Ilé dìde.

Kò dìde bí ẹyẹ o. Ó dìde bí arúgbó, ó kọ́kọ́ kérora, ó wá gòkè. Èjìká méjìléláàádọ́fà wà lábẹ́ rẹ̀. Ìka kan, ìka mẹ́ta, ìka márùn-ún. Ojú Manoy Tibo ti fẹ́ jáde. Nínú ilé, ẹnjiníà gbá òpó àárín mọ́ra bí ìyàwó ọ̀sìngín, akoto rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára oríkèé òrùlé. Lola Sidra mú etí àga rẹ̀.

“Ẹ rọra, ẹ̀yin ọmọ àìríṣẹ́ṣe wọ̀nyí! Mo ń mu kọfí!”

“Ó pé! Ẹ dúró!” Deling ti wà nílẹ̀, ó fàyà fà wọ abẹ́ ilé, ilé tó kọ́ rọ̀ sókè orí rẹ̀ bí òṣùmàrè tó wúwo. Ó ti igi kìíní bọ ibẹ̀. Ó ti ìkejì. Òógùn àwọn èèyàn ń kán sí i lọ́rùn. Ìkẹrin ò fẹ́ wọlé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, ó fi ìgúnpá gbá a, ó bú u ní orúkọ kan tó gbọ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀, ó wọlé.

“Deling,” ohùn Manoy Tibo jáde wẹ́rẹ́, “mi ò kánjú o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ń kánjú.”

“Ó ku ọ̀kan!”

Ó ti ìkẹfà bọ ibẹ̀, ó yọ jáde, ó ké: “Ẹ sọ̀ ọ́!” Wọ́n sọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bà lé igi tugas lẹ́ẹ̀kan náà, ó dún *gbì*, ohùn kan ṣoṣo. Kí ẹnikẹ́ni tó mí, Deling ti ń fi sípánà yí bótì sínú ihò òkè.

Ẹnjiníà gun òkè àjà. Wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti igun dé igun. Kò sẹ́ni tó jókòó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá yọrí lójú fèrèsé, aláǹtakùn wà ní irun rẹ̀.

“Kò là,” ló wí.

“Èwo ni kò là?”

“Kò sí èyí tó là. Oríkèé kan ò yẹ̀. Ìṣó kan ò yọjú.” Ó ń wo Deling bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. “Mo ti rí ilé tó dúró sójú kan tí kò ṣe tó báyìí.”

“Kọfí mi náà ò dà,” Lola Sidra wí, ó gbé ife rẹ̀ sókè kí gbogbo ayé rí i.

Ẹnjiníà sọ̀ kalẹ̀, ó fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ilé fi ìka kan lé. Ó gbé fọ́ọ̀mù sórí orúnkún, ó yọ bírò, ó kọ ọ́, ó sì na bírò náà sí Manoy Tibo, torí òun ni orí rẹ̀ funfun jù níbẹ̀, ó sì rò pé abẹ́ rẹ̀ ni Deling ń ṣiṣẹ́.

“Ọ̀gá káfíńtà, ẹ fọwọ́ síbí.”

Manoy Tibo wo bírò náà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ṣùgbọ́n kò gbà á.

“Èmi kọ́,” ló wí, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́. “Èmi ni mo fẹ́ bà á jẹ́. Ọ̀gá káfíńtà nìyẹn, èyí tí ẹrẹ̀ bò lẹ́nu yẹn.”

Deling gba bírò. Ó kọ orúkọ ìsàmì rẹ̀, Adelina Cabuguas, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ pé, ó tóbi débi pé ó wọ inú àyè tí wọ́n ní kí Kapitan kọ orúkọ sí. Kapitan ní kò burú, òun á kọ tòun sẹ́yìn.

Ó kù àtẹ̀gùn. Deling gé igi tuntun, ó kan ìkẹrin mọ́ ìdí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó gun orí rẹ̀, ó fò lé e lẹ́ẹ̀mejì. Lola Sidra gba ojú fèrèsé jáde fún ìgbà ìkẹyìn, àkàbà méje, ó ń kérora, ó ń bú ẹni tó dì í lẹ́sẹ̀ mú, ó tún ń bú ẹni tí kò dì í mú. Ó rìn yí ilé ká. Ó dé iwájú àtẹ̀gùn, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó gbé àkùkọ sábẹ́ apá.

“Wúrà,” ó wí, ó gbẹ́sẹ̀. “Fàdákà.” Ó sinmi. “Ikú, ọmọ burúkú, mo ti kọjá lórí ẹ.” Ó gbẹ́sẹ̀ tó kẹ́yìn. “Wúrà.”

Ó yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn èèyàn mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ń wò ó, wọ́n ń fọwọ́ pa èjìká, wọ́n ń retí pé ìyá àgbà máa dúpẹ́, àbí ó máa sunkún díẹ̀, kí àwọn náà ráyè sunkún.

“Kí lẹ ń wò?” Lola Sidra wí. “Mọ́kàndínlógún ló kù. Ẹ lọ ṣiṣẹ́!”

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú. Ilẹ̀kùn náà ò ha ilẹ̀, kò ké, kò fà. Ó kàn pa pẹ́, bí ìdérí àpótí. Deling dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́nu, ó gbọ́ ọ dáadáa, ó sì mọ̀ pé Manoy Tibo náà gbọ́ ọ.